Bí Agbè Bá Fọ́, Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Omi Dànù



Nígbà tí ọmọ tuntun bá bọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ìyá yè, àwọn àgbà a máa tù ú nínú pé, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí agbè rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ lè padà sí odò lọ pọn òmíràn. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun kan ti wọ àárín wa báyìí tí ó dorí òwe náà kodò. Ohun náà ni kọ̀ǹpútà tí a ń fi orúkọ wa, ìṣirò owó ẹgbẹ́ wa àti èsì ìdánwò wa pamọ́ sí. Ní ti kọ̀ǹpútà, agbè ni a lè tún rà. Omi inú rẹ̀ ni a kì í rí pọn mọ́ bí ó bá dànù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní ìgbèríko Adja-Ouèrè ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan. Àlòkù ni. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, kí ó tó gba èbúté Kútọnu wọlé tọ̀ wá wá. Inú rẹ̀ ni a kó orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ti Tatonnonkon sí fún ọdún mẹ́ta, pẹ̀lú máàkì tí olúkúlùkù gbà. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, a tún kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá. Ní ọdún kẹta, èmi fúnra mi ni mo sọ pé ayé ti lajú, pé kò sí ìdí tí a ó fi máa kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òru tí iná mànàmáná fi ń lọ tí ó ń bọ̀, mo tan ẹ̀rọ náà. Ojú rẹ̀ dúdú. Ìlà ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo ni ó hàn níbẹ̀, tí ó ń sọ pé ẹ̀rọ kò rí ètò tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbọ́ ìró kan láti inú àpótí rẹ̀: kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń fi èékánná kan tábìlì. Mo pa á, mo tún tàn án. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tí olùtúnṣe ẹ̀rọ dé, ó tẹ́tí sí ìró náà, ó sì wí pé ibi ìpamọ́ ni ó ti bàjẹ́, àti pé títàn tí mo ń tàn án láti àárọ̀ ti sọ ọgbẹ́ kékeré di egbò ńlá.

Mo gun alùpùpù lọ sí Tatonnonkon láti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìyá kan tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ó ń ta gàrí, dìde. Ó ní, "Olùkọ́, ìdánwò tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sí, ṣé ó ti lọ náà nìyẹn?" N kò rí èsì fọ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe ìdánwò ní ọdún kẹta ní láti tún un ṣe. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà wá. Àwọn kan ti lọ sí oko, àwọn kan ti ré kọjá ààlà lọ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó fi ọdún kan jókòó sí abẹ́ àtùpà kí ó lè mọ ìwé, tí a wá sọ fún pé kò sí àkọsílẹ̀ kankan tí ó fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n, a ti jẹ ẹni náà ní gbèsè.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Kọ̀ǹpútà kò kú. Ní ọjọ́ kejì, olùtúnṣe yọ ibi ìpamọ́ tí ó bàjẹ́, ó fi òmíràn sí i, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Owó tí a san kéré púpọ̀ sí iye tí a ó bá fi ra ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí, a kò sì gbọdọ̀ mú ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Èkínní ni pé kí a má ṣe sọ ògbólógbòó kọ̀ǹpútà nù nítorí pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kan kú. Èkejì ni pé kí a má ṣe fi ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn sí ibi kan ṣoṣo.

Kí ni ibi ìpamọ́ yìí gan-an? Àwọn olùtúnṣe wa ń pè é ní "disque dur." Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, a ó máa pè é ní dísìkì. Àpótí irin pẹlẹbẹ ni, tí kò ju ìwé àdúrà kékeré lọ. Nínú rẹ̀ ni àwo róbótó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà, tí ó ń dán bíi dígí. Bí ẹ̀rọ bá ti tàn, àwo náà a máa yí. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ó ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Apá tín-ín-rín kan wà lókè rẹ̀ tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ sára àwo náà, tí ó sì ń kà á. Apá yìí kì í fi ara kan àwo. Orí afẹ́fẹ́ ni ó ń léfòó sí, àyè tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì sì kéré ju ìbú irun orí kan lọ fíìfíì. Bí apá náà bá já lu àwo, á ha á. Ibi tí ó bá ha, ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé irú ohun èlò yìí jáde ní 1956. Àwo 50 ni ó wà nínú ti ìgbà náà, àpótí rẹ̀ ga tó ènìyàn, ó sì wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan. Síbẹ̀, lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ni ó lè gbà, ìyẹn nǹkan bí ìwé mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé 300. Lónìí, èyí tí a lè fi ọwọ́ kan gbé lè gba ìwé tí ènìyàn kò lè kà tán ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Èyí dára, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú. Bí àpò bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni àdánù yóò ti pọ̀ tó bí ó bá já.

Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń pa dísìkì ní agbègbè wa. Èkínní ni ọjọ́ orí: ohun tí ó ń yí láìsinmi yóò gbó. Èkejì ni iná mànàmáná tí ó ń lọ lójijì tí ó sì ń fi agbára padà. Ẹ̀kẹta ni ooru. Ẹ mọ eruku pupa ilẹ̀ wa, ẹ sì mọ bí ó ti máa ń rí ní àkókò ọyẹ́. Eruku yìí kì í sábà wọ inú dísìkì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n a máa dí fáànù kékeré tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ara ẹ̀rọ. Bí fáànù kò bá lè fẹ́ mọ́, ohun gbogbo tí ó wà nínú àpótí kọ̀ǹpútà a máa gbóná bí ẹni wà nínú ilé tí kò ní fèrèsé.

Dísìkì mìíràn a máa fi àmì hàn kí ó tó kú. Ẹ̀rọ a máa lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwé tí ẹ ṣí lánàá a kọ̀ láti ṣí lónìí. Ẹ̀rọ a máa kú sílẹ̀ láàárín iṣẹ́. Ìró tí ẹ kò gbọ́ rí a bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí àmì wọ̀nyí kò gbọdọ̀ sọ pé òun yóò parí iṣẹ́ oṣù yìí kí òun tó pe olùtúnṣe. Ní wákàtí náà gan-an ni kí ó da ohun tí ó ṣe pàtàkì jù kọ sí ibòmíràn.

Ṣùgbọ́n kí a tó dá dísìkì lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti tàn ni dísìkì jẹ̀bi. Nígbà mìíràn, okùn tí ó so dísìkì mọ́ ẹ̀rọ ni ó tú díẹ̀. Kí a tẹ̀ ẹ́ padà, ẹjọ́ parí. Nígbà mìíràn, bátìrì pẹlẹbẹ kékeré kan tí ó dàbí owó onírin, tí ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ rántí ọjọ́ àti ètò rẹ̀, ni ó ti kú. Bí ẹ bá rí i pé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, ọjọ́ tí ó ń fi hàn ti padà sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, bátìrì náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Iye rẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà, kí ẹ tó gbà láti san owó dísìkì tuntun, ẹ bi olùtúnṣe pé: "Ṣé ẹ ti yẹ okùn wò? Ṣé ẹ ti yẹ bátìrì wò?" Olùtúnṣe tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè náà.

Bí ó bá wá dájú pé dísìkì ni, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti dáwọ́ dúró. Ẹ má ṣe tàn án, kí ẹ tún pa á, bí mo ti ṣe. Ẹ má ṣe gbá a. Ẹ má ṣe tú ìdérí rẹ̀ láti wo inú rẹ̀, nítorí ẹyọ eruku kan ṣoṣo tó láti ba ojú àwo jẹ́. Àwọn kan ń sọ pé kí a gbé e sínú fìríìjì; ẹ má ṣe dán an wò, omi tí yóò sun lára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé e jáde yóò dá kún ìbàjẹ́ rẹ̀ ni. Bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò bá ní ẹ̀dà níbòmíràn, ẹ yọ ọ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, ẹ sì gbé e lọ bá ẹni tí ó mọ bí a ti ń gba ọ̀rọ̀ padà kúrò nínú dísìkì tí ó bàjẹ́. Iṣẹ́ náà wọ́n púpọ̀, kì í sì í fìgbà gbogbo yọrí. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà fi sàn ju oògùn lọ.

Wàyí o, bí a ti ń pààrọ̀ dísìkì kì í ṣe awo. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń lo kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, bí kò tilẹ̀ ní ṣe é fúnra rẹ̀, kí ó lè mọ ohun tí ó ń sanwó fún.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a mọ irú okùn tí ẹ̀rọ náà ń lò. Àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ti pẹ́ gan-an ń lo okùn pẹrẹsẹ tí ó fẹ̀ bí ọ̀já. IDE ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn ń lo okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní SATA, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ láti 2003. Dísìkì ọ̀kan kò ṣeé so mọ́ okùn èkejì. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a mú ògbólógbòó dísìkì lọ́wọ́ lọ sí ọjà, ìbáà jẹ́ ní Pobè, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu, kí a fi wé èyí tí a fẹ́ rà.

Lẹ́yìn náà, kí a yan irú dísìkì tí a fẹ́. Oríṣi méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni èyí tí àwo ń yí nínú rẹ̀. Èkejì ni SSD, tí ohunkóhun kò yí nínú rẹ̀. SSD yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò pariwo, bí ó bá sì já bọ́ kì í tètè bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà arúgbó tí a fi SSD sí a máa dàbí ẹni tí ó tún padà di ọ̀dọ́. Fún ọ́fíìsì kékeré tàbí ẹgbẹ́ alájùmọ̀ṣe, èyí tí ó gba 240 GB ti tó. Kò yẹ kí a ra èyí tí ó ju 2,000 GB lọ sínú ẹ̀rọ àtijọ́, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò lè fi í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ àlòkù ni a fẹ́ rà, kí olùtà so ó mọ́ ẹ̀rọ ní ojú wa, kí a rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, kí a sì rí iye tí ó gbà, nítorí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́.

Nígbà tí a bá délé, kí a yọ okùn iná kúrò lára ògiri pátápátá, kí a sì fi ọwọ́ kan ara àpótí irin kọ̀ǹpútà kí a tó fi kan ohun inú rẹ̀. Iná kékeré tí ó wà lára ènìyàn, tí ó máa ń ta wá nígbà ọyẹ́ bí a bá ń bọ́ aṣọ, lè pa ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Kí a tú àwọn ìṣó oníyìíyí tí ó di dísìkì mú, kí a yọ okùn méjèèjì, ti iná àti ti ọ̀rọ̀, kí a fi dísìkì tuntun sí ipò rẹ̀, kí a sì so okùn padà. SSD kéré ju àyè tí ó wà nílẹ̀ lọ. Férémù kékeré kan wà tí a ń fi gbé e ró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó fi ètò iṣẹ́ sínú dísìkì tuntun, nítorí òfìfo ni a rà á. Àwọn tí ó ṣe Windows 10 ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ni kò sì lè gba èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ètò mìíràn wà tí a ń pè ní Linux, tí a kì í fi owó rà, tí ó sì rọrùn fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀. Ìkẹyìn ni pé kí a da ẹ̀dà àwọn ìwé wa padà sínú rẹ̀. Bí ẹ̀dà bá wà, ọjọ́ náà di ọjọ́ ayọ̀. Bí kò bá sí, agbè tuntun ni a ní, òǹgbẹ ṣì ń gbẹ wá.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kí ni a ń ṣe wàhálà sí, kí a ju ògbólógbòó nù, kí a bẹ̀bẹ̀ fún tuntun. Èsì wa ni pé tuntun kì í sábà dé Tatonnonkon. Ohun tí ń dé ni àlòkù. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn kan jáde lórí àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tí ń gba èbúté Èkó wọlé. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sọ fún wọn pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n ń kó dé ni kò wúlò fún títà tàbí fún àtúnṣe. Ẹ̀rọ tí a bá jù sílẹ̀ lónìí, orí ilẹ̀ wa ni yóò wà, pẹ̀lú òjé àti májèlé tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá tún ẹ̀rọ kan ṣe ti dín ààtàn kù.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa dísìkì tí a yọ. Ẹ má ṣe jù ú sí ààtàn, ẹ má sì ṣe tà á fún àwọn tí ń ra irin. Bí a bá pa ìwé kan rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ náà kì í lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dàbí ìgbà tí a bá fa orúkọ orí kan ya kúrò nínú atọ́ka ìwé. Orí náà ṣì wà nínú ìwé, ẹni tí ó bá ń wá a yóò rí i. Ní 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn láti Yunifásítì British Columbia ní Kánádà ra àwọn dísìkì àlòkù ní ọjà ní ilẹ̀ Ghana. Nínú ọ̀kan, wọ́n bá ìwé àdéhùn láàárín ìjọba Amẹ́ríkà àti Northrop Grumman, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ohun ìjà. Bí àṣírí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá lè dé orí àtẹ, kí ni yóò dá orúkọ, nọ́ńbà tẹlifóònù àti gbèsè àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín dúró? Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí ó jẹ́ òfin ètò ẹ̀rọ ayárabíàṣá ní ilẹ̀ Benin, sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí ó bá kó ọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn jọ pé kí ó dáàbò bò ó. Nítorí náà, bí ó bá ti dájú pé kò sí ohun tí a tún lè gbà nínú dísìkì náà, kí olùtúnṣe lu ihò gba inú àwo rẹ̀ kọjá ní ojú yín, kí ó sì bo ojú ara rẹ̀ dáadáa, nítorí àwo mìíràn a máa fọ́ bíi dígí.

Ó wá kù sí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ibi kan kò sì gbọdọ̀ gba gbogbo àkọsílẹ̀ wa. Ẹ má ṣe rò pé àwọn ńlá kò ní irú ìṣòro yìí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé ìpamọ́ ilé-iṣẹ́ OVH ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ní ẹ̀dà níbòmíràn tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Nínú àwọn tí kò ní, ọ̀pọ̀ pàdánù ohun gbogbo. Bẹ́ẹ̀ ni iná kò bi wọ́n bóyá olówó ni wọ́n tàbí tálákà.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn pé kí wọ́n ṣe. Kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan àti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà mẹ́ta ohun tí ó ṣe pàtàkì: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú dísìkì tàbí clé USB tí ó wà ní ilé mìíràn, ọ̀kan lórí ìwé. Kí wọ́n yan ọjọ́ kan nínú oṣù, bí ọjọ́ ìpàdé, tí a ó máa ṣe ẹ̀dà náà, kí wọ́n sì ṣí i wò láti mọ̀ pé ó ṣeé kà. Kí àwọn tí ń ṣètò ìnáwó sì fi owó dísìkì kan sínú ìnáwó ọdọọdún, bí wọ́n ti ń fi owó epo alùpùpù sí i. Owó náà kò pọ̀. Àìsí rẹ̀ ni ó wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé, ipa tiyín wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá sọ fún yín pé orúkọ yín ti wà nínú ẹ̀rọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé, "Níbo ni ẹ̀dà rẹ̀ wà?" Ẹ béèrè láti fi ojú yín rí i lórí ìwé, nítorí ẹ ti lè kà á báyìí. Ẹni tí kò mọ ìwé ni a lè sọ fún pé ẹ̀rọ ti jẹ orúkọ rẹ̀, tí yóò sì gbà.

Ìyá tí ń ta gàrí ní Tatonnonkon tún ìdánwò rẹ̀ ṣe, ó sì yege. Nígbà tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá, ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ni yóò kọ ọ́. Lẹ́yìn tí ó kọ ọ́ tán, ó fa ìwé àjákọ tirẹ̀ yọ láti inú àpò, ó kọ ọjọ́ ìdánwò àti máàkì rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ìjókòó ọjọ́ náà tó tú ká, gbogbo kíláàsì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.